Aṣọ Akànṣẹ́ Lára Ẹni Tí Kò Jà Rí

Bí Ọ̀kantó bá ń bọ̀ lójú pópó, ńṣe ni wọ́n máa ń yà fún un. Ẹ̀wù dúdú ló sábà máa ń wọ̀. Wọ́n tẹ ọwọ́ tí wọ́n dì gírígírí sí i láyà, wọ́n sì ya ẹranko tó lanu, tí eyín rẹ̀ hàn gàǹgà, sí i lẹ́yìn. Ṣòkòtò rẹ̀ ní ìlà pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi tàwọn akànṣẹ́. Àmì ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọ̀wọ́ ìjà wà lára fìlà rẹ̀, ó wà lára báàgì rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá, àfi bíi pé ó fẹ́ bá èèyàn jà.

Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ ní Ọ̀kantó o. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ fà á. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ di ariwo, yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, yóò ní, "Ẹ má jẹ́ kí n jù ú o! Tí mo bá jù ú, ọ̀kan tó." Bí wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan yẹn gan-an, ẹ bá mi wádìí, ta ló rí i rí? Kò sí. Ọ̀kantó kò wọ ojú ìjà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Bí abẹ bá gé e níka lásán, ńṣe ló máa ń wá ibi jókòó sí kí òòyì má bàa gbé e.

Ìbẹ̀rù ló ń dà á láàmú, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ojo ni láti kékeré. Nígbà tó kúrò nílé lọ wáṣẹ́ nílùú mìíràn, wọ́n fojú rẹ̀ rí màbo níbẹ̀. Kàkà kó sọ ohun tójú rẹ̀ rí fáwọn ará ilé, ẹ̀wù akànṣẹ́ ló wọ̀ padà wálé, ó sì ń rò fún àbúrò rẹ̀ bí òun ṣe da ẹni báyìí bolẹ̀, bí òun ṣe gbá ẹni báyìí kúrò lójú ìjà. Kápẹ́ńtà ni àbúrò yìí, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Gbogbo rẹ̀ pátá ló gbà gbọ́. Á dá iṣẹ́ dúró, á gbé ayùn sórí pákó, á ní, "Bọ̀dá mi, ẹ tún sọ ti ẹni gíga yẹn."

Iṣẹ́ Ọ̀kantó ni kó máa tẹ àwòrán sára aṣọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju kótópó kan lọ: tábìlì gígùn, ẹ̀rọ tó ń fi ooru lẹ àwòrán mọ́ aṣọ, àti okùn tí wọ́n ta láti ògiri dé ògiri, tí wọ́n ń sá aṣọ tútù sí. Akọ̀wé tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọ̀gá rẹ̀ ń jágbe mọ́ lójoojúmọ́ yóò wọlé síbẹ̀, yóò ra ẹ̀wù tó ní ìbọ̀wọ́ ìjà láyà, yóò sì gbé àyà sókè jáde bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ olórí. Ọ̀kantó mọ ohun tó ń tà. Ojú líle ló ń tà fáwọn tí àyà ń já, òun fúnra rẹ̀ sì ni oníbàárà àkọ́kọ́.

Alágbàfọ̀ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ògiri kan ló pa wọ́n pọ̀. Onígbàgbọ́ ni, ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì máa ń bá ara wọn ṣàwàdà. Lọ́jọ́ kan, ó gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, aṣọ yìí ń sú mi lára rẹ. Ìgbà wo lo máa sinmi? Wá sọ́dọ̀ Jésù. Kò béèrè pé kó o le."

Ọ̀kantó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Jésù wo? Ṣé èyí tí wọ́n gbá létí tó ń wò? Ọ̀rẹ́, lọ máa lọ aṣọ rẹ. Èmi ò bá irú wọn kẹ́gbẹ́." Alágbàfọ̀ kò bínú. Ó mi orí, ó sì mú áyọ́ọ̀nù rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí o, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn kan wà lẹ́yìn òpópónà wọn tí àwọn akànṣẹ́ gidi ti ń kọ́ ìjà. Wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀. Ẹni tó bá ti jà lójú ogunlọ́gọ̀, tó sì dúró dópin, ni Kóòṣì, olùkọ́ wọn, máa ń fún ní ẹ̀wù pupa kan tó ní àmì gbọ̀ngàn lẹ́yìn. Bí èèyàn bá wọ ẹ̀wù pupa yẹn wọlé, ó ti sọ pé òun ṣe tán nìyẹn. Ẹnikẹ́ni nínú wọn lè pè é gòkè sójú ìjà. Wọn ò ní bi í pé ta ló kọ́ ọ, wọn ò sì ní fún un ní ìbòrí tí wọ́n fi ń dáàbò bo orí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀kantó ni Kóòṣì ti ń tẹ ẹ̀wù pupa náà. Ó jókòó tì í, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ó ní, "Má tẹ ẹyọ kan lé e o. Jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni." Ọ̀kantó fọwọ́ sọ́yà, ó ní, "Èmi kẹ̀! Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá mi."

Kóòṣì kò tíì dé ilé tó fi tẹ ẹyọ kan fún ara rẹ̀. Kò jẹ́ wọ̀ ọ́ dé gbọ̀ngàn, kì í ṣe òmùgọ̀. Àdúgbò ló ń wọ̀ ọ́ kiri. Ibẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ti rí i, tí ojú rẹ̀ ń tàn.

"Bọ̀dá mi, ta ló fún yín?"

"Kóòṣì ni. Ó ní ó ti pẹ́ tó yẹ kí òun fún mi."

"Ẹ tẹ tèmi náà fún mi. Ṣebí ọmọ ìyá yín ni mí?"

Ọ̀kantó wo ẹ̀rọ rẹ̀. Bó bá sọ ohun tí ẹ̀wù náà túmọ̀ sí, yóò ní láti sọ bí tiẹ̀ ṣe dé ọrùn rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni, kò sì lè sọ ọ́. Ó tan ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó ká a, ó fi lé ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó tilẹ̀ tún ọrùn rẹ̀ ṣe fún un nígbà tó wọ̀ ọ́ wò.

Àbúrò rẹ̀ kò sọ ohun tó ní lọ́kàn fún un. Ó fẹ́ fi yá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ibi iṣẹ́ lọ sí gbọ̀ngàn láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jà, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà nírun rẹ̀. Kóòṣì kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Akànṣẹ́ kan tó ń wá ẹni tí yóò bá dánra wò rí ẹ̀wù pupa lára rẹ̀, ó sọ ìbọ̀wọ́ sí i, ó sì nawọ́ sí i pé kó gòkè. Kápẹ́ńtà rò pé bí wọ́n ṣe ń gba àlejò níbẹ̀ nìyẹn. Ó gòkè tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìgbà tí ẹ̀ṣẹ́ bà á lẹ́bàá etí, kò tiẹ̀ tíì gbé ọwọ́ sókè. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì, kò sì dìde mọ́.

Nígbà tí Ọ̀kantó dé ilé ìwòsàn, ìyá wọn ti wà lórí bẹ́ǹṣì níta yàrá. Akànṣẹ́ yẹn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Ẹ̀wù wa ló wọ̀! Mo rí ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀!" Ohun tó ń sọ ṣáá nìyẹn. Dókítà jáde, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú ọpọlọ, òun kò lè ṣèlérí pé yóò jí.

Ìyá wọn di ọwọ́ Ọ̀kantó mú. "Ọmọ mi, ọpẹ́lọpẹ́ ìwọ tó o ti ń sọ ìjà fún un, tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń fara da ẹ̀ṣẹ́. Bí kì í bá ṣe ìwọ ni, ká ti máa sọ nǹkan mìíràn báyìí."

Àbí kí ni ká ti gbọ́! Kóòṣì wọlé, ẹ̀wù pupa tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé kúrò lọ́rùn aláìsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó fọwọ́ pa àmì ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gbójú sókè. "Ta ló tẹ èyí?"

Ìyá rẹ̀ ń wò ó. Akànṣẹ́ ń wò ó. Ọ̀kantó ní, "Èmi ò mọ̀, ọ̀gá mi."

Ó sọ ọ́ láìwojú ẹnikẹ́ni, ó sì jáde kúrò níbẹ̀. Ará ilé ìwòsàn kan yà fún un lẹ́nu ọ̀nà nítorí ẹ̀wù dúdú ọrùn rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, alágbàfọ̀ bá a nínú ṣọ́ọ̀bù tó jókòó sábẹ́ okùn ìsáṣọ.

"Mo ti pa á," ló wí.

"Kò tíì kú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ bọ̀ ni."

"O ò mọ ohun tí mo ṣe." Ó wá rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ojo, irọ́, ẹ̀wù pupa, àti "èmi ò mọ̀" tó jáde lẹ́nu rẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

Alágbàfọ̀ fà á mọ́ra. Nígbà tó yá, ó ní, "Òótọ́ lo sọ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gbá Jésù létí, Ó ń wò. Agbára wà lọ́wọ́ Rẹ̀ láti run gbogbo wọn, kò lò ó. Wọ́n bọ́ aṣọ lọ́rùn Rẹ̀ níta gbangba. Ìwọ gbé agbára tí o kò ní wọ̀. Òun bọ́ èyí tí Ó ní sílẹ̀, kí ìyà tó tọ́ sí ọ lè jẹ Ẹ́."

"Ṣé Ó lè gba irú mi?"

"Irú rẹ ló ń wá. Ṣùgbọ́n kò ní gba Ọ̀kantó o. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ gan-an ni kó o wá."

Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀ láàárín àjákù aṣọ. Ó ní, "Jésù, ojo ni mí. Irọ́ ni mí látòkè délẹ̀. Mo ti fi irọ́ mi ba ọmọ ìyá mi jẹ́. Ṣàánú mi." Kò rí ìmọ́lẹ̀, kò gbọ́ ohùn kankan. Àmọ́ ó mọ̀ pé Ẹnì kan gbọ́ òun, ó sì sunkún títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ.

Ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Síbẹ̀ ìyá rẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. Ọkùnrin náà yá ẹ̀wù funfun kan lọ́wọ́ alágbàfọ̀, ó padà lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ àti Kóòṣì, ó ní, "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, mo sì fún un." Kóòṣì dìde, ó bá ọ̀nà tiẹ̀ lọ. Ìyá wọn bojú, ó figbe ta. "Yéè! Ọmọ mi pa mí o!" Ọmọ rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, kò sá.

Àbúrò rẹ̀ jí. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ òsì rẹ̀ tó fi ń di pákó mú kò ṣeé gbé mọ́. Ó wá ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ó sì fi ahọ́n wúwo ní, "Bọ̀dá mi... ṣé mo dúró bíi tiyín?"

Ẹ̀yin èèyàn, ibi tí ìjà ọkùnrin yìí wà nìyí. Òun àti ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù láyé nìkan ló wà ní yàrá. Bó bá ní "O gbìyànjú, àbúrò," ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó gbàdúrà nínú, ó sì ní, "Àbúrò mi, èmi ò dúró rí. Èmi ò jà rí. Ẹni gíga yẹn kò sí níbì kankan. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Dárí jì mí."

Àbúrò rẹ̀ wò ó títí, ó sì yíjú sí ògiri.

Ìdáríjì Ọlọ́run kò pẹ́ kó tó dé, ti àbúrò rẹ̀ pẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń lọ síbẹ̀, ó ń wẹ̀ fún un, ó ń bá a na ọwọ́ òsì rẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ, kò sì rí èsì kankan ju ògiri lọ. Ó kó àwọn aṣọ ìjà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń yà fún un lójú pópó kò yà mọ́, wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín. Ó dùn ún, kò sì gbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé omi ìwẹ̀ wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bó ti máa ń ṣe, ó ń bẹ̀rù àtiwọlé. Ohùn wúwo yẹn dún láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Ẹ sún mọ́bí, Bọ̀dá mi. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ẹ ò lè nà mí." Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì, wọ́n sì jọ sunkún. Ọwọ́ òsì náà kò padà bọ̀ sípò títí dòní.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, aṣọ ta lo wọ̀? Bóyá kì í ṣe ẹ̀wù tó ní àwòrán ẹ̀ṣẹ́. Bóyá ẹnu líle ni, tàbí orúkọ ńlá, tàbí ipò tó o fi ń dẹ́rù ba ará ilé rẹ kí wọ́n má bàa mọ bí àyà rẹ ṣe ń já tó. Àwọn èèyàn lè máa yà fún ọ. Ọlọ́run kò ní yà fún ọ. Ó mọ ẹni tó wà nínú aṣọ yẹn, Ó sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé Ó jẹ́ kí Ọmọ Rẹ̀ kú fún un.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nílé rẹ ti máa wọ irú èyí tó o wọ̀, torí pé ó gbà ọ́ gbọ́. Ṣé dìgbà tí wọ́n bá gbé e nílẹ̀ lo tó máa sọ òtítọ́? Má dúró dọ̀la, jọ̀ọ́. Níbi tó o jókòó sí yìí, lanu kó o sọ fún Jésù irú ẹni tó o jẹ́ gan-an, kó o ní kó gbà ọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ sọ fún ẹni tó ń wojú rẹ nílé. Kò tíì yíjú sí ògiri.