Iná Ààrò Aníbal

Òkò àkọ́kọ́ ba Aníbal léjìká, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó gbá háríhá ìrèké gbígbẹ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ, ó mú àdá dání lọ́wọ́ kejì, ó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá lọ́sàn-án gangan ọjọ́ Àìkú. "Iná ń kú o," ló ń wí fún gbogbo ẹni tó bá pàdé. "Ẹ jọ̀wọ́, iná ń kú."

"Dìndìnrìn! Dìndìnrìn!" Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama bú sẹ́rìn-ín.

Yurani wà láàárín wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, Aníbal yìí sì ni bàbá tó bí i lọ́mọ. Ogún ọdún ni bàbá náà fi dáná sí ààrò ilé ìfúnrèké tí wọ́n ti ń se ṣúgà pupa. Kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún tó fi gbàgbé orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ní ìlú orí òkè yẹn, ìdílé tí irú ìgbàgbé yìí ò dé rí ò pọ̀. Àwọn àgbà ní igi burúkú kan ló wà létí odò, pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló ń kó o. Wọn ò pè é ní àìsàn. Dìndìnrìn ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín.

Wilmar, tó máa ń jókòó ti Yurani ní kíláàsì, ki òkúta bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ìwọ ló kù. Sọ ọ́, ká lè mọ̀ pé ti bàbá ẹ ò tíì ràn ẹ́."

"Èmi kì í ṣe dìndìnrìn o!"

"Ẹnu lásán nìyẹn. Sọ ọ́ ká rí i!"

Ojú ń ti Yurani, inú sì ń bí i. Lánàá ni bàbá rẹ̀ pè é ní olè nínú ilé, tó fọ́ ọ létí. Ó sọ òkúta náà.

Iwájú orí ló bà á. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn bo ojú Aníbal, háríhá dà sílẹ̀. Ó yíjú padà, ó wo ọmọ rẹ̀, kò sì rí ọmọ kankan níbẹ̀; ọ̀tá ló rí. Ó gbé àdá sókè, ó sáré sí wọn. Wilmar ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Yurani kọsẹ̀, ó ṣubú, ó sì rí àdá náà lókè orí rẹ̀.

"Bàbá, èmi ni! Yurani ni!"

Nubia, ìyá rẹ̀, ti ń sáré bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó na ọwọ́ sáàárín wọn. Àdá gé ìka méjì dànù lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Kó tó pariwo tán, ọkùnrin márùn-ún ti bo Aníbal pẹ̀lú igi àti bàtà, wọ́n sì lù ú títí egungun ìhà rẹ̀ fi kán. Ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ yẹn ni Nubia fi ń fà wọ́n láṣọ. "Ọkọ mi ni! Ẹ má pa á, ọkọ mi ni!"

Nọ́ọ̀sì Ligia, tó ń tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ láti ilé dé ilé, ló wá di ojú ọgbẹ́ fún àwọn méjèèjì. Wọ́n fi aṣọ so ọwọ́ Aníbal mọ́ ibùsùn, torí kò yéé gbìyànjú àtidìde.

"Iná ń kú," ó tún wí.

"Ẹ pa ẹnu mọ́!" Yurani jágbe mọ́ ọn. "Gbogbo ìgbà, iná, iná! Ẹ ò bá má ti fọwọ́ kan igi yẹn!"

"Ta ló bi ẹ́ léèrè igi?" Ligia ò gbójú sókè nídìí báńdéèjì. "Ọmọ ìdí ààrò ni ẹ́. Bí omi ìrèké bá ń hó, kí ni wọ́n ń ṣe sí ìdọ̀tí tó bá léfòó?"

"Wọ́n ń bù ú dànù."

"Bí wọn ò bá bù ú ńkọ́?"

"Á ru sókè, á dà sínú ààrò, á paná."

"Ó dáa. Sẹ́ẹ̀lì ló kún inú orí ẹ, nǹkan tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn ààrò kéékèèké nínú, ibẹ̀ ni agbára ẹ̀ ti ń wá. Nínú orí bàbá ẹ, purotéènì tó ti bàjẹ́ ń ṣù jọ, kò sì kúrò bó ṣe yẹ. Ó ń wọnú àwọn ààrò yẹn, ó ń bà wọ́n jẹ́. Bí agbára bá tán, sẹ́ẹ̀lì á kú. Bí wọ́n ṣe ń kú ni orúkọ ń lọ, ojú ọmọ ń lọ, sùúrù náà ń lọ. Alisáímà lorúkọ ẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé yín ló wà, kì í ṣe ara igi."

Yurani wo ẹni tó wà lórí ibùsùn. "Òótọ́ ni Bàbá ń sọ nígbà náà. Iná ń kú lóòótọ́."

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Màmá, èmi ni mo sọ òkò yẹn."

"Mo rí ẹ," Nubia wí. "Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó kúrò lọ́wọ́ ẹ."

Yurani jáde sẹ́yìnkùlé, ó kó háríhá ìrèké wọlé, ó tú aṣọ tí wọ́n fi so bàbá rẹ̀, ó sì kó háríhá náà lé e láyà. "Bàbá, mo ti koná. Iná ti ràn."

Aníbal gbá háríhá náà mọ́ra. Ara rẹ̀ rọ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ṣé o, ọmọ ọlọ́mọ."

Egungun ìhà tó kán yẹn dá àìsàn sí i ní àyà. Ọ̀sẹ̀ kẹta kò pé tó fi kú.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Wilmar wá sí kíláàsì pẹ̀lú ọrùn tó bó. Ìyá rẹ̀ ló da kọfí gbígbóná sí i lára, ó ní olè ni. Àwọn ọmọ kíláàsì wo ara wọn. "Dìndìnrìn!" ẹnì kan kígbe lẹ́yìn, ẹlòmíràn sì sọ ẹfun ìkọ̀wé lù ú. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Wilmar tẹrí ba, ó ń retí ti Yurani. Yurani dìde, ó dì í lọ́wọ́ mú níwájú gbogbo wọn. "Dìde, jẹ́ ká lọ bá Nọ́ọ̀sì Ligia. Màá sọ ohun tó ń ṣe màmá ẹ fún ẹ lójú ọ̀nà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Ẹ má ṣe tìtorí pé ẹgbẹ́ ń rẹ́rìn-ín kí ẹ sọ òkò lu ẹni tí àìsàn ń bá jà. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kàn. Òkò tó bá ti kúrò lọ́wọ́ kò ṣeé pè padà. Yurani mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí láràárọ̀ ló ń bá ìyá rẹ̀, tí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ò pé mọ́, di bọ́tìnnì aṣọ.