Ẹsẹ̀ Tí Kò Dun Akínbọ̀dé Mọ́

Òkun kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Àwa tí a ń gbé etí omi ní Ìlàjẹ mọ èyí. Ó lè dákẹ́ fún oṣù mẹ́fà, kí èèyàn rò pé ó ti yó. Ọjọ́ tó bá dìde, á kó ilé, á kó ibojì, á kó ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú agogo rẹ̀.

Apẹja kan wà ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ayétòrò. Akínbọ̀dé ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òkun ti lé e kúrò níbi tó kọ́lé sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì ti tú ilé pákó rẹ̀ palẹ̀, tó kó o sẹ́yìn, tó tún un tò.

Lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan kì í dá ilé kó. Bí òkun bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ, àdúgbò á jáde. Ọkùnrin mẹ́fà á wọ abẹ́ òpó kan, wọn á jọ gbé e, wọn á máa bú ara wọn, wọn á máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Akínbọ̀dé kò pe ẹnikẹ́ni. Òun nìkan ló ń ru òpó ilé rẹ̀ sí ẹ̀yìn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹni tó bá rẹ̀ ni kó pe èèyàn," ló máa ń wí. "Kò tíì rẹ èmi."

Nígbà kẹta, ohun kan dún kẹ́ ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Òun àti òpó jọ ṣubú sínú ẹrẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni kò lè nàró.

Ṣìkẹ́mi, ìyàwó rẹ̀, ní kí àwọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ó kọ̀. Ọlọ́rundáre, kàfíńtà ọkọ̀ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wá bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú. Ẹ̀yìn ti da òun náà láàmú rí. Ilé ìwòsàn ló lọ, wọ́n sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa na ara rẹ̀ jẹ́jẹ́. Láràárọ̀, á tẹ́ ẹní síwájú ilé, á fi ẹ̀yìn lélẹ̀, á rọra fa orúnkún kan mọ́ àyà, á tú u sílẹ̀, á fa èkejì.

Akínbọ̀dé a máa pariwo sí i láti ojú fèrèsé: "Ọlọ́rundáre! Ṣé ìyá rẹ ti tún ọ bí ni? Ìkókó ló ń ta ẹsẹ̀ báyẹn o!"

"Ìkókó tó lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà rẹ̀ ni mí," Ọlọ́rundáre á dá a lóhùn láti orí ẹní. "Ìwọ àgbà, ta ló wọ bàtà fún ọ láàárọ̀ yìí?"

Ṣìkẹ́mi ló wọ̀ ọ́ fún un, gbogbo àdúgbò sì mọ̀.

Dípò ilé ìwòsàn, Akínbọ̀dé wọ ọkọ̀ lọ bá ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Òkìkí, tó ń gbé nínú ẹ̀ka odò. Iṣẹ́ Òkìkí ni kó máa ṣe ìgbàdí, oògùn tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí. Ó rán èyí tí wọ́n fi awọ ṣe fún Akínbọ̀dé, ó di gbòǹgbò igi sínú rẹ̀, ó sì to òjé àwọ̀n yí i ká.

"Kí ni òjé ń ṣe fún àwọ̀n?" Òkìkí bi í.

"Ó ń mú un jókòó sí ìsàlẹ̀ omi."

"Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe mú egungun ẹ̀yìn rẹ jókòó."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ apẹja létí. Ẹni tó ti ń so òjé mọ́ àwọ̀n láti kékeré, kí ló tún fẹ́ bi? Ṣùgbọ́n Òkìkí kò tíì parí. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Má bọ́ ọ láé. Ọjọ́ tó bá kúrò ní ìbàdí rẹ, o ò ní rí ìgbà tí oòrùn ọjọ́ náà á wọ̀."

Akínbọ̀dé gbà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, á wọ aṣọ funfun ìjọ lé ìgbàdí lórí, á bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí gbogbo ọmọ ìjọ, á sì kọrin ju gbogbo wọn lọ. Èèyàn ń wo aṣọ funfun. Ọlọ́run ń wo òjé.

Ọdún méjì kọjá. Ìgbàdí há mọ́ ọn, kò jẹ́ kó tẹ̀, kò jẹ́ kó yí. Ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ ń rọ. Ìrora sọ̀kalẹ̀ sí ìdí, ó gba itan kọjá, ó dé gìgísẹ̀ òsì bí iná. Ó ń fi ìrọ̀rí bo ẹnu sunkún, síbẹ̀ kò bọ́ ìgbàdí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ òsì kò dùn ún mọ́. Ó fi gbá ilẹ̀: kò dùn. Ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ bó ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n kò dùn. Ó wọ ọkọ̀ lọ sọ fún Òkìkí.

"Ìrora ti jáde nìyẹn," Òkìkí wí.

Akínbọ̀dé ṣe ìdúpẹ́ níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìdúpẹ́ yẹn, lọ́sàn-án gangan, ó jókòó lẹ́bàá ibi tí Ṣìkẹ́mi ti ń yan ẹja, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ṣìkẹ́mi gbọ́ òórùn ẹran tó ń jó. Ó sáré yí ẹja rẹ̀. Ẹja kankan kò jó. Ó wẹ̀yìn.

"Bàbá Promise! Ẹsẹ̀ yín!"

Akínbọ̀dé wolẹ̀. Ẹyin iná kan ti já bọ́ sórí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ó ti jẹ awọ wọlé, èéfín sì ń rú níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò mọ̀ rárá. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Igbe Ṣìkẹ́mi ló mú Ọlọ́rundáre sáré dé. Ó gbọn iná náà dànù, ó kúnlẹ̀, ó wo ojú egbò náà.

"Kò dùn ọ́?"

"Kò dùn mí. Ṣebí mo ti sọ fún yín pé ara mi ti yá."

"Akínbọ̀dé," Ọlọ́rundáre wí jẹ́jẹ́, "òkú ni kì í mọ iná."

Akínbọ̀dé na ọwọ́ kan ojú egbò náà. Kò jiyàn mọ́. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, Ṣìkẹ́mi àti Ọlọ́rundáre gbé e sínú ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn ní Ìgbókòdá.

Lẹ́yìn tí dókítà ti wò ó tí wọ́n sì ti di egbò rẹ̀, wọ́n mú un lọ bá obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Princess. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi nína ara àti rírìn tọ́jú egungun àti iṣan.

"Bàbá, ẹ dijú. Ìka ẹsẹ̀ yín wo ni mo dì mú?"

"Ẹ kọ́kọ́ dì í mú ná, Nọ́ọ̀sì, kí ẹ tó bi mí."

Ṣìkẹ́mi bú sẹ́kún. Ó ti pẹ́ tí Princess ti di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà mú.

"Iṣan tó wá sí ẹsẹ̀ yìí ló há sí ẹ̀yìn yín," Princess wí. "Kò tíì kú tán, àmọ́ ó ń kú. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, ó lè padà. Tí ẹ bá lọ sílé báyìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ má fi rìn mọ́." Ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan líle lábẹ́ aṣọ Akínbọ̀dé. "Kí nìyí?"

Akínbọ̀dé fi ọwọ́ méjèèjì di ìgbàdí náà mú. Ó sọ ohun tí Òkìkí wí. Ó ní òun kò ní bọ́ ọ, ó sàn kí ẹsẹ̀ òun kú ju kí òun kú lọ.

"Mi ò lè bá yín jà, Bàbá. Ṣùgbọ́n mi ò lè tọ́jú ẹ̀yìn tí mi ò lè fọwọ́ kàn." Princess jáde.

Ọlọ́rundáre fa àga sún mọ́ ọn.

"Ikú ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

"Ikú mà ni. Ìwọ, kò bà ọ́ lẹ́rù?"

"Ó bà mí lẹ́rù rí. Ká ní òótọ́ ni Òkìkí sọ. Ká ní òní lo máa kú. Níbo lò ń lọ?"

Akínbọ̀dé la ẹnu. Ó fẹ́ dárúkọ ìjọ rẹ̀. Ó fẹ́ dárúkọ aṣọ funfun mẹ́ta tó wà nínú àpótí rẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ló wí nígbẹ̀yìn.

"O mọ̀. Ọdún méjì lo fi ń kọrin sí Ọlọ́run, tí o so ọlọ́run mìíràn mọ́ ìdí. Ní oṣù àkọ́kọ́, ǹjẹ́ ọkàn rẹ kò gún ọ?"

"Ó gún mi. Mi ò lè gbé ojú sókè tí wọ́n bá ń gbàdúrà."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Kò gún mi mọ́."

"Ta ló sọ fún ọ pé ara rẹ ti yá níbẹ̀ náà?"

Akínbọ̀dé wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì. Ó mọ̀ nísinsìnyí pé ohun kan wà nínú òun tó ti ń jó tipẹ́, tí òun kò sì mọ̀. Kì í ṣe Òkìkí ló ń bà á lẹ́rù mọ́. Ọlọ́run tó ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú aṣọ funfun ló ń bà á lẹ́rù.

"Kí ni kí n ṣe?"

"Sọ òótọ́ fún un. Jésù ti kú ikú tí ò ń sá fún, ó sì ti jí dìde. Sọ ohun tí o ṣe, kí o fi ara rẹ lé e lọ́wọ́."

Akínbọ̀dé kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà láìpariwo. Ó sọ ọ́ ṣá. "Jésù, mo purọ́ fún ọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò lè gbé ara mi. Gbé mi."

Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n pe Princess padà kó mú sísọ́ọ̀sì wá. Òun fúnra rẹ̀ ló gé ìgbàdí náà. Àpá òjé ti wọ ìbàdí rẹ̀ yíká, ó dúdú bí èédú. Aago méjìlá ọ̀sán ni.

Wọ́n wá ń dúró de ìwọ̀ oòrùn.

Princess ní kó ká orúnkún, kó mí wọlé, kó rọra tẹ ẹ̀yìn mọ́ ẹní. "Díẹ̀ o, Bàbá. Tí ìrora bá pọ̀ sí i, ẹ dúró. Ẹ̀yin apẹja, gbogbo nǹkan lẹ fẹ́ bá jìjàkadì." Bó ṣe ń fa orúnkún, bẹ́ẹ̀ ló ń wo fèrèsé. Ní aago mẹ́rin, òjìji igi gùn lórí ògiri. Ní aago mẹ́fà, Ṣìkẹ́mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Pupa oòrùn kúrò lójú omi. Ó kù díẹ̀. Ó wọ̀.

Akínbọ̀dé ṣì ń mí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe pé oòrùn wọ̀ lójú rẹ̀ ló gbà á là. Aago méjìlá ọ̀sán ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yanjú. Ká ní ó kú kí oòrùn tó wọ̀, ilé lọ́dọ̀ Jésù ni ì bá lọ.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, bó ṣe ń na ẹsẹ̀, nǹkan gún un ní gìgísẹ̀ òsì. Ó ké.

"Òsì ni?" Princess bi í.

"Òsì ni! Ó ń dùn mí!"

"Ẹ yin Olúwa, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó dùn yín."

Nígbà tó padà sílé, ó dúró níwájú ìjọ, ó sọ ohun tó ti wà lábẹ́ aṣọ funfun rẹ̀. Èèyàn mẹ́ta dìde, wọ́n jáde lọ bọ́ ìgbàdí tiwọn.

Ẹ̀yìn rẹ̀ kò dá pátápátá. Irọ́ ni ẹni tó bá sọ pé ó dá ń pa. Tí òjò bá ń bọ̀, ó máa ń dùn ún. Ó ń na ara rẹ̀ láràárọ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́ lórí afárá pákó, ó sì ń padà sọ́dọ̀ Princess tí ọjọ́ bá pé. Ìyẹn ni ti ẹ̀yìn. Ọkàn rẹ̀ ni Jésù wò sàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, mo ń bá ọ sọ̀rọ̀ báyìí. Ìgbà kan wà tí o bá purọ́, oorun kì í kùn ọ́. Ìgbà kan wà tí o bá ti ilé àlè dé, o kì í lè wo ojú ìyàwó rẹ. Ní báyìí, ò ń sùn, ò ń jẹun, ò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. O rò pé àlàáfíà ni. Iná ń jẹ ọ́ wọra, o jókòó tì í.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Iṣan tó ń kú kì í dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni, ọkàn tó ń kú náà kì í dá ọjọ́. Jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Jésù Olúwa lónìí. Bọ́ ohunkóhun tí o so mọ́ra tí o gbẹ́kẹ̀ lé dípò rẹ̀. Jésù kò ní lé ọ.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ń dùn ọ́ bí o ṣe ń kà á, dúpẹ́, kí o sì pè é. Bí kò bá dùn ọ́ rárá, má tíì dìde níbi tí o jókòó sí. Ìwọ gan-an ni mo kọ ọ́ sí.