Ẹni Tó Ń Wá Àyè ní Wọ́ọ̀dù Kẹta

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe onírọ́. Ó ṣì wà láyé, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ kan náà, àmọ́ kò jẹ́ dá wọ wọ́ọ̀dù kẹta mọ́.

Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà ń pè é. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ ńlá tó ń ṣọ́ èémí àwọn aláìsàn. Wọ́n ní bí ẹ̀rọ náà bá sín, òun ni wọ́n máa kí. Lọ́sẹ̀ náà, ìyá tó bí i lọ́mọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù kẹta. Àyà ló ń dùn wọ́n.

Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́. Àǹtí sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀rọ náà lábẹ́ ilé. Kò sí fèrèsé níbẹ̀. Òtútù, ariwo fáànù, kò sí ohùn ènìyàn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Àyè tí ẹ̀rọ fi ń rántí nǹkan ṣẹ́ kù dáadáa, àmọ́ ó ti fọ́n ká, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, bí àga òfìfo nínú ọkọ̀ tí tọkọtaya ò ti lè jókòó pọ̀. Nǹkan kan ń béèrè àyè ńlá tó so kọ́ra. Kò rí i.

Àǹtí ti rí irú ẹ̀ rí. Àṣẹ kan wà tó máa ń sún gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń lò lọ sápá kan, kí àyè òfìfo lè para pọ̀ lápá kejì. Ó tẹ̀ ẹ́.

Fáànù dákẹ́. Gbogbo wọn, lẹ́ẹ̀kan náà.

Fóònù ara ògiri dún. Olórí nọ́ọ̀sì ni.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n kó àwọn aláìsàn mi?"

"Kó wọn lọ síbo?"

"Sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo kàn yíjú sí kọ́bọ́ọ̀dù òògùn ni. Kí n tó yíjú padà, àwọn méje ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí kì í ṣe tiwọn. Wọ́n ń sùn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti ṣófo." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àfi ìyá yín. Àwọn nìkan ni ò kúrò."

Àǹtí wo ojú kọ̀ǹpútà. Ohun kan ṣoṣo ló kọ̀ tí kò sún, àyè tí wọ́n béèrè kò sì tíì pé. Ó wá ẹni tó béèrè. Gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ ló ní orúkọ àti nọ́ńbà. Èyí ò ní ìkankan.

Ọ̀rọ̀ tuntun yọ: Ṣé kí n fi agbára sún un?

Dókítà ti gba fóònù. "Àǹtí, ojú ẹ̀rọ ti ṣú níbí! N ò mọ ẹni tó ń mí mọ́! Ohun tó bá ní kẹ́ ẹ tẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́!"

Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì. Ó gbé e kúrò, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa wáyà iná yọ.

Ó ka mẹ́wàá. Ó ki wáyà náà bọ ihò rẹ̀ padà. Fáànù hó. Kò dúró wo nǹkan kan, ó sáré gun àtẹ̀gùn.

Wọ́ọ̀dù parọ́rọ́. Ìyá rẹ̀ nìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, láàárín bẹ́ẹ̀dì òfìfo méje, wọ́n di irin bẹ́ẹ̀dì mú pinpin.

"Màámi, kí ló dé?"

"Ó ní kí n sún. Mo ní n ò sún."

"Ta ni?"

"Ẹni tó ń wá àyè. Ó ní àwọn tó ń bọ̀ pọ̀, wọn ò sì fẹ́ pínyà."

Olórí nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì òfìfo kan, ó sì tètè fà á padà. Àǹtí náà fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ibi tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Èyí tó tẹ̀ lé e náà rí bẹ́ẹ̀. Méjèèje.

Àwọn aláìsàn jí. Kò sẹ́ni nínú wọn tó mọ bí òun ṣe dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àyà ìyá fúyẹ́, dókítà ní kí wọ́n máa lọ sílé. Àǹtí gbé báàgì, ó ṣáájú. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ìyá ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, bí ẹni tó ń fún èrò lọ́nà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Dúró ná," ni ìyá wí jẹ́jẹ́. "Wọn ò tíì wọlé tán."