Kí Gbogbo Wọn Kí O Tó Fọwọ́ Kan Nǹkan

Ó ṣojú mi kòró. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, ìyẹn kù sí i lọ́wọ́, mi ò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kó wá síwájú mi. Kó má pè mí láti ẹ̀yìn ilé o.

Choba lèmi àti Pamílẹ́rìn ìyàwó mi ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀ kan. Àgùnbánirọ̀ la bá wá sí Port Harcourt, a ò sì padà sílé mọ́. Kóòdù kọ̀ǹpútà la fi ń jẹun. Àwa la kọ ètò orí fóònù tí ilé ìwòsàn kékeré kan l'Óyìgbò fi ń rán àwọn aláìsàn létí oògùn wọn. Àwa mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹnì kẹta wa ni Sotonye, ọmọ Kalabari, ọ̀rẹ́ mi àtàtà. Ó kú lọ́dún tó kọjá. Ó ṣì ń dùn mí.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ olóye la gbà ṣe ọmọ iṣẹ́. Sọ ohun tó o fẹ́ fún un, á kọ kóòdù rẹ̀. Àmọ́ kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé! Á kàn já wọlé, á da ohun tí Sotonye tò dáadáa rú, á ní òun ti parí iṣẹ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Inú bí mi, mo jókòó, mo kọ fáìlì ìtọ́sọ́nà fún un, èyí tó gbọ́dọ̀ máa kà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ìyá mi ṣe máa ń rán mi níṣẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́: "Má kàn já wọlé. Kọ́kọ́ kí gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú rẹ. Ka ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó fọwọ́ kan nǹkan."

Ó gbọ́ràn. Iṣẹ́ rẹ̀ wá mọ́ tónítóní. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé: "Mo ti kí gbogbo wọn. Bọ̀dá Sotonye dáhùn. Àwọn tó kù ò gbọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo pe Pamílẹ́rìn wá wò ó. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Bi í léèrè ohun tí Sotonye sọ."

Mo bi í. Ẹ̀rọ náà kọ ọ́: "Ó ní, 'Ayọ̀, no rush am. Soup never done.'"

Ohun tí Sotonye máa ń sọ fún mi gan-an nìyẹn tí mo bá ń kánjú, pé ọbẹ̀ ò tíì jinná. A tú gbogbo ohun tí Sotonye kọ sílẹ̀. A ò rí i níbẹ̀.

"Yọ ìkíni yẹn kúrò," Pamílẹ́rìn ní.

"Kí ló dé?"

"Ìyá mi ní tí mi ò bá rí ẹni tó ń pè mí, mi ò gbọdọ̀ dáhùn. Ìwọ wá rán nǹkan tí kò lójú kó máa pe orúkọ mi!"

"Ẹ̀rọ lásán ni, Pamí. Iṣẹ́ ṣáà ń lọ dáadáa."

Mi ò yọ ọ́. Olórí kunkun ni mí.

Kò pẹ́ sígbà náà, ibà dá Pamílẹ́rìn dùbúlẹ̀. Ó ń sùn nínú yàrá, èmi wà ní pálọ̀. Èéfín dúdú tó máa ń bo ìlú yìí ti bà sójú fèrèsé. Òórùn bọ̀ọ̀lì ń wọlé láti ìta. Òjò tó ń rọ̀ láti àárọ̀ dá. Àwọn kẹ̀kẹ́ náà dákẹ́ lójú títì. Gbogbo nǹkan wá rí bí ìgbà tí èèyàn bá ń tòògbé.

Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ pé: "Mo ti kí gbogbo wọn. Bọ̀dá Sotonye dáhùn. Àǹtí Pamílẹ́rìn gbọ́ mi lónìí. Ó ti yíjú. Kò tíì dáhùn."

Yéè! Òkú nìkan ló ń dáhùn látọjọ́ yìí.

Mo gbọ́ ohùn Pamílẹ́rìn nínú yàrá, ohùn ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀.

"Ayọ̀, ṣé ìwọ lò ń pè mí?"

"Èmi kọ́! Má dáhùn o!"

"Ó tún ń pè mí. Ohùn ẹ̀ tutù."

Mo sáré wọlé. Ó kọjú sí ògiri, ó ti la ẹnu. Ìgbà yẹn lèmi náà gbọ́ ọ láti pálọ̀, jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa: "Àǹtí Pamílẹ́rìn, ẹ kúulé o."

Mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mo pariwo: "Kò sí nílé! Máa lọ!"

Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo padà sí pálọ̀, mo yọ ìkíni náà kúrò nínú fáìlì. Kílẹ̀ tó ṣú, òógùn bo Pamílẹ́rìn, ibà náà lọ, ó ní ebi ń pa òun. Mo sunkún bí ọmọdé.

Láàárọ̀ yìí, mo tún tan kọ̀ǹpútà. Mo yẹ fáìlì náà wò, ìkíni ò sí níbẹ̀. Mi ò tíì tẹ ohunkóhun tó fi kọ ọ́ pé:

"Mo ti kí gbogbo wọn. Wọ́n ní Àǹtí Pamílẹ́rìn ò sí nílé. Bọ̀dá Sotonye dáhùn. Ẹ̀yin náà dáhùn."

Pamílẹ́rìn ń pè mí láti ilé ìdáná báyìí, ó ní oúnjẹ ti délẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni. Mi ò fọhùn. Mo ti dìde, kí n lọ rí ojú rẹ̀ ná.