Àga Tó Bá Orúnkún Rẹ̀ Mu

Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin kan àti káfíńtà kan kọ́kọ́ pàdé nílé iṣẹ́ àga wa, téèpù ìwọ̀n ló wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ó ń wá ẹni tí yóò wọ̀n.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè jókòó fún mi díẹ̀?"

Káfíńtà gíga náà ń fá pákó, ó gbójú sókè. "Wá wọ̀n mí. Àmọ́ kò sí àga tó gbà mí láyé yìí o. Bí mo bá jókòó báyìí, orúnkún mi á máa bá àgbọ̀n mi sọ̀rọ̀."

Èmi tí mò ń kun àga ní kọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀, ó na téèpù láti gìgísẹ̀ káfíńtà dé orúnkún. Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ yẹn ju bí iṣẹ́ ṣe gbà lọ. Ìṣojú mi ni.

Iṣẹ́ ọmọbìnrin náà, tí mo ń pè ní Àbúrò, ni kó máa ya àga sínú kọ̀ǹpútà. Ẹyọ kan ló ń yà, òun là ń pè ní àga ìyá. Lẹ́yìn náà, á tẹ nọ́ńbà sínú àwọn àpótí kéékèèké: gíga, fífẹ̀, irú igi. Kọ̀ǹpútà á sì bí oríṣiríṣi ọmọ fún un. Àpótí tó bá fi sílẹ̀ lófìfo, ti ìyá ni ọmọ máa jogún. Gíga orúnkún káfíńtà ló kọ́kọ́ tẹ̀ sínú àga ìyá láti fi dán an wò, ó ní tó bá yá òun á pààrọ̀ nọ́ńbà náà.

Bí oyún ni ìfẹ́ wọn rí, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Káfíńtà lọ bá bàbá Àbúrò. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó ní: "Ọmọ dáadáa ni ọ́, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀gá lo ṣì wà. Lọ ní ṣọ́ọ̀bù tìrẹ. Títí dìgbà náà, má pe ọmọ mi, kí òun náà má pè ọ́."

Káfíńtà di ẹrù, ó lọ wá owó ṣọ́ọ̀bù níbi tó jìnnà. Ọmọ tó ń gbọ́rọ̀ sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ni Àbúrò, kò pè é. Ṣùgbọ́n àárò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń fá pákó, á gbójú sókè. Oníbàárà tó bá sọ bí àga òun ṣe máa ga tó, ó ń tẹ̀ ẹ́ fún un. Èyí tí kò bá sọ, ó ń fi àpótí yẹn sílẹ̀ lófìfo.

"Àbúrò, pààrọ̀ nọ́ńbà yìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ nìyẹn."

Mo ń kun àga mi lọ.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, àwọn àga náà ń wọ ọkọ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Ìgbà tó yá, ẹjọ́ àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọ̀gá jáde sí wa. "Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ń rọ̀ dirodiro lókè! Ta lẹ wọ̀n, òmìrán?"

"Ẹ má bínú, sà," Àbúrò dáhùn. "Èmi ni."

"Pààrọ̀ rẹ̀ kó o tó lọ sílé."

Mo dúró tì í. Ó pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́, ó tẹ tuntun. Gbogbo àga ojú kọ̀ǹpútà kúrú lẹ́ẹ̀kan náà. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ó ti parí, Ẹ̀gbọ́n mi."

Èmi náà gbà pé ó ti parí. Àfi bí káfíńtà ṣe wọlé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tó gbé ọ̀kan nínú àwọn àga wa lé èjìká.

"Ọ̀gá mi tuntun ló rà á," ó sọ fún Àbúrò. "Mo jókòó, ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀, orúnkún mi sinmi. Kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo dojú rẹ̀ dé, mo rí àmì ilé iṣẹ́ yìí. Olólùfẹ́ mi, mo ti rò pé o ti gbàgbé mi."

"Èmi? Ṣé orúnkún yìí ni màá gbàgbé?"

Àbúrò ló sọ ìyókù fún mi. Wọ́n gbé àga náà lọ bá bàbá rẹ̀, bàbá ò rẹ́rìn-ín sí wọn.

"Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?"

"Kò tíì sí, sà. Ṣùgbọ́n mi ò lè dúró mọ́."

Bàbá mí kanlẹ̀, ó jókòó sórí àga tí wọ́n gbé wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkùnrin gíga náà.

"Látọjọ́ yìí, òun lò ń ṣe àga fún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mi ò pè é o. Mi ò kàn lè pààrọ̀ rẹ̀ ni."

Ẹsẹ̀ bàbá ń mì lókè bíi tọmọdé.

"Ó dáa. Ẹ ṣe èyí tó kúrú fún mi. Èmi náà gbọ́dọ̀ ríbi jókòó lọ́jọ́ ìgbéyàwó."