Agolo Ọ̀pẹ Lórí Ebè Etí Erin

"Adétóun, kí lo dà sórí ebè yìí?"

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn tí Ọ̀gbẹ́ni Oyèbádé, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, máa béèrè. Adétóun dorí kodò, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀. Etí erin ló gbìn sórí ebè náà, ewé olómi yọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi pa ibi tí iná bá jó. Ogún ìdí ni. Mẹ́tàdínlógún ti pọ́n, wọ́n rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù, gbòǹgbò wọn sì ń rùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹ lè bá mi mí kanlẹ̀.

Lọ́dún 1996, ilé ìwé girama wọn ní Òde-Ayé fẹ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo lọ sí ìdíje àgbẹ̀ ọ̀dọ́ ní Àkúrẹ́. Ẹni tí etí erin rẹ̀ bá dára jù ni yóò lọ. Adétóun kò kọjá ìlú Ìrẹ̀lẹ̀ tó wà nítòsí wọn rí. Àkúrẹ́ yìí ló ń lá lálàá.

Olùkọ́ sì ti ṣàlàyé: "Ìgbẹ́ adìẹ ń tún ilẹ̀ ṣe, àmọ́ kì í kánjú. Ajílẹ̀ inú àpò ń kánjú, àmọ́ kì í tún ilẹ̀ ṣe. Ẹ lo méjèèjì pọ̀, kí ẹ dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kù sí ìdajì. Ìgbẹ́ tó ti jẹrà ni o! Ti inú àpò, ìdérí ìgò kan péré, kó jìnnà sí ìdí ewé."

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí le? Kò le. Ṣùgbọ́n Charity, ọ̀rẹ́ rẹ̀, dé.

"Tóun, etí erin Tóbilọ́ba kíláàsì wa ti ń yọ ọmọ o. Tìrẹ rí bí irun iwájú orí bàbá arúgbó."

"Olùkọ́ ní ká ní sùúrù."

"Sùúrù kọ́! Ìdajì oúnjẹ yó ẹ rí?"

Ó tán. Adétóun lọ ru ìgbẹ́ adìẹ tútù, èyí tó ṣì ń gbóná, ó dà á sórí ebè. Ó tún mú agolo tí bàbá rẹ̀ fi ń wọn ajílẹ̀ sídìí ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ o, igi tó ga ju ilé lọ! Agolo kan fún ìdí kọ̀ọ̀kan, àárín ewé gan-an ló dà á sí. Òjò wá rọ̀ fún ọjọ́ méjì, gbogbo rẹ̀ yòrò, ó jó gbòǹgbò.

"Sà, Charity ní ìdajì kì í yó èèyàn. Mo rò pé bí ìdajì bá dára, odidi á dára jù."

Olùkọ́ di orí mú. "Mo sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sójú pátákó. Mo tún yà á! Charity ńkọ́?"

"Ó ní òun ń lọ ṣe gáà nílé ìgbẹ́, sà."

"Láti àárọ̀?"

Adétóun bú sẹ́kún. "Ẹ fún mi ní ebè mìíràn, sà."

"Ọ̀sẹ̀ kan ló kù. Ta ni yóò bá ọ bẹ ewé kó tètè hù?"

Lọ́jọ́ tí Tóbilọ́ba wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́, Adétóun wà lórí ebè, ó ń fi ọkọ́ ro ìdọ̀tí tó jẹrà kúrò. Ó gbọ́ ohùn Charity lẹ́bàá ọ̀nà, ó dún ju ti gbogbo èèyàn lọ: "Tóbi, ra búrẹ́dì bọ̀ o!"

Ẹ̀yin ọmọ, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ohun rere méjì tí kò ní ìwọ̀n lè pa irúgbìn. Ẹni tó bá sì ń tì yín síwájú, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá yóò bá yín dé ibi tó ń tì yín lọ.