Ọrùn Tí Kò Lẹ́jẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó pè mí. Mi ò ní bá a jà. Ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi kòró, ọwọ́ mi yìí ló sì tẹ bọ́tìnnì.

Ilé ìwòsàn eyín ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń ya ẹsíréè. Láràárọ̀, kí aláìsàn kankan tó wọlé, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya orí rọ́bà kan, ká lè mọ̀ pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Orí náà ní eyín, ó ní àgbọ̀n. Kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pá irin ló fi ṣe ọrùn. Alágbà là ń pè é, torí bó o kí i títí, kò ní dá ẹ lóhùn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ya Alágbà. Ẹ̀rọ yí i po, ó ń kùn, ó dákẹ́. Mo wo kọ̀ǹpútà. Nǹkan funfun méjì wà nísàlẹ̀ àgbọ̀n, lápá òsì, bí èérún ìrẹsì. Mo nu Alágbà. Mo nu ẹ̀rọ. Mo tún un yà. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Mo pe dókítà wa. Obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò ni.

"Ta nìyí?"

"Alágbà ni, mà."

"Má bá mi ṣàwàdà o. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ ló ń dí yìí. Bó ṣe máa ń hàn nínú fọ́tò eyín nìyí. Ẹni tó ni ín lè ṣubú nígbàkigbà."

"Ọ̀pá irin ni, mà."

Ó wo Alágbà. Ó wò mí. Ó ní ká pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹni náà dé, ó tú u palẹ̀, kò rí nǹkan kan.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, gbẹ́nàgbẹ́nà, fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú wọlé. Eyín ń ro ó. Òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wa, òun nìkan ni mo ní. Mo ya á. Èérún méjì. Apá òsì. Mo gbé fọ́tò Alágbà lé tirẹ̀ lórí, wọn ò fi ìwọ̀n irun orí yàtọ̀. Mo sáré pe dókítà.

Dókítà kọ ìwé fún un, ó ní kó gba ilé ìwòsàn ńlá lọ lójú ẹsẹ̀.

"Eyín ló ń dùn mí, ọrùn lẹ ń tọ́jú," ló wí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó lọ. Wọ́n fún un lóògùn. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ pa á jẹ lọ́jọ́ kan.

Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ ọ̀rọ̀ Alágbà fún un. Látìgbà náà, gbogbo aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ń pè mí.

"Àbúrò, kí ni Alágbà wí lónìí?"

"Ó kéré sí tàná, bọ̀dá mi."

Òótọ́ ni. Ojoojúmọ́ ló ń kéré. Méjì di ẹyọ kan. Ẹyọ kan di tíntín. Ìyàwó rẹ̀ á gba fóònù, á máa ṣàdúrà: "Eyínfúnjowó mi, ẹ ò ní ráburú láyé." Dókítà bá bi mí, màá ní Alágbà ti mọ́ tipẹ́. Mo ń pa fọ́tò rẹ́ kó tó dé. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ gbé Alágbà jù nù.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi ní oògùn ń jẹ́ kí òòyì máa kọ́ òun.

"Ṣé kí n dá a dúró?"

Mo wo fọ́tò. Èyí tó kù ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

"Ẹ sinmi díẹ̀, bọ̀dá mi. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

Háà! Ẹnu mi yìí.

Ní ọjọ́ kẹrin tó ti dá oògùn dúró, Alágbà mọ́ tónítóní. Mo fò sókè. Mo hó yèè, èmi nìkan nínú yàrá. Aago mẹ́jọ lù, kò pè. Mo pè é fúnra mi. Ó dún títí kí ìyàwó rẹ̀ tó gbé e.

"Ìyàwó wa, ẹ fún bọ̀dá mi ní fóònù! Ọrùn ti mọ́!"



"Ẹ̀gbọ́n yín ṣubú níbi tí wọ́n ti ń fọ eyín láàárọ̀ yìí. Ẹ̀mí ti bọ́ ká tó rí ọkọ̀."

Mo ṣí fọ́tò rẹ̀ tí mo yà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èérún méjèèjì wà níbẹ̀, digbí. Èyí tó wà lọ́rùn Alágbà, mi ò mọ ibi tó ti wá, mi ò mọ ibi tó gbà lọ. Ẹ̀rọ kan náà là ń lò títí dòní.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó wa. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n yín ń bẹ láàyè nígbà náà, ẹ̀rọ ń bẹ lọ́wọ́ yín. Kí ló dé tí ẹ ò tún òun gan-an yà?"

Mo fi Ọlọ́run búra, kò wá sí mi lọ́kàn rí.